Èmi Ò Lọ́wọ́ Nínú Ẹ̀

Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ó nípọn, ó wúwo, ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kùn ún, irin kan sì wà lókè rẹ̀ tó máa ń fà á padà téèyàn bá ti kọjá. Iṣẹ́ ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí iná bá sọ nísàlẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí èéfín gba ojú àtẹ̀gùn wá bá àwọn tó wà lókè. Wọ́n tiẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé a máa súni. Èèyàn á gbé páálí ìwé dání, fóònù á máa dún lápò, ilẹ̀kùn á tún máa tì í lẹ́yìn bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan wá nǹkan fi dá a dúró. Ohun tó sì wà nítòsí jù ni agolo panápaná.

Ẹ tún un kà. Agolo pupa tí wọ́n gbé síbẹ̀ nítorí iná ni wọ́n fi há ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe nítorí iná.

Ó ju oṣù mẹ́jọ lọ tí mo fi ń gba ibẹ̀ kọjá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń kọ mí lóminú. Lọ́sẹ̀ kejì, mo sọ lọ́kàn mi pé màá bá ẹnìkan sọ ọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, mi ò rí i mọ́, agolo ti di ọ̀kan lára ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ tún un tì dáadáa tó bá ti yẹ̀.

Ká ní mò ń kọjá lásán bí àlejò ni, ì bá sàn. Èmi ni wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ yẹ nǹkan mẹ́rìnlá wò lójú àjà tiwa, kí n fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Iná pàjáwìrì: ó ń ṣiṣẹ́. Agolo panápaná: ó wà. Mi ò purọ́ o, ó wà lóòótọ́, ṣebí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo gbà wọlé. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn: ó wà bó ṣe yẹ. Báírò aláwọ̀ búlúù, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tán.

Iná kankan ò jó. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà á má lọ máa retí èéfín títí dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà ò fi kúrò lọ́kàn mi gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni èdè wa fi ń ya àgbákò sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni àmúwá Ọlọ́run: ààrá tó san, ilẹ̀ tó mì, ìjì tó ṣí òrùlé. Ìkejì ni àfọwọ́fà: o ti ọwọ́ bọ ihò, ejò bù ọ́ ṣán. Ẹni tí àmúwá Ọlọ́run bá, a ó kí i pẹ̀lẹ́. Ẹni tó fọwọ́ fa tiẹ̀, a ó kí i pẹ̀lẹ́, a ó sì yínmú nígbà tó bá kẹ̀yìn. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé kò sí ewu kankan láyé tí kò ní bọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ilẹ̀kùn yẹn ló tú mi láṣìírí. Ká ní iná jó, tí èéfín sì pa èèyàn lókè, ta ló máa láyà láti pè é ní àmúwá Ọlọ́run? Àfọwọ́fà ni. Ó dáa, ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé agolo síbẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó ti fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ya àwòrán ilé, tó fi ilẹ̀kùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà? Ti ẹ̀gbọ́n tó ń fi ẹsẹ̀ tì í ńkọ́ (ẹsẹ̀ nìyẹn, kì í tiẹ̀ ṣe ọwọ́)? Tàbí tèmi tí mo buwọ́ lù ú? Bí wọ́n bá to gbogbo wa sójú kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló lè sọ pé "èmi ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀," irọ́ tó máa wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ò sì ní tó nǹkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Àárín àgbájọ ọwọ́ yẹn náà la ti ń fi ọwọ́ ara wa pamọ́.

Kì í ṣe òní ni ìjà àmúwá Ọlọ́run àti àfọwọ́fà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ilẹ̀ mì ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàl. Ọjọ́ àjọ̀dún Àwọn Ẹni Mímọ́ ni, èrò kún inú ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ. Ilé wó lu èèyàn, òkun ru wọ ìlú, iná tó tẹ̀ lé e jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn oníwàásù ní ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á. Voltaire, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, fi ewì bínú sí àwọn tó ń sọ pé gbogbo nǹkan ló dáa bó ṣe wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jean-Jacques Rousseau kọ lẹ́tà sí Voltaire, ó sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí wọlé: ìṣẹ̀dá kọ́ ló kó ilé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, alájà mẹ́fà sí méje, jọ sójú kan. Ká ní wọ́n fọ́n ká ni, ká ní ilé wọn ò ga, òfò náà ì bá kéré.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ọkùnrin yìí wo ilẹ̀ tó mì, ó sì béèrè ẹni tó kọ́lé. Láti ìgbà náà ni ohun tá à ń pè ní àmúwá Ọlọ́run ti ń dín kù. Omíyalé dé, a béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́lé sójú omi. Ọ̀dá dé, a wo èéfín tí àwọn ilé ẹ̀rọ ti ń tú sójú sánmà láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Bí ìmọ̀ wa ṣe ń pọ̀ sí i ni ọwọ́ wa ń bọ́ sínú nǹkan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Ulrich Beck, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ní 1986. Ó ní ewu tí àwọn baba ńlá wa ń sá fún, láti ìta ló ti ń bá wọn. Tiwa ń jáde láti inú ilé ẹ̀rọ àti yàrá àyẹ̀wò kan náà tó ń mú ayé dẹ̀ wá lọ́rùn. Ó tún ní ojú lásán ò lè rí i, imú ò lè gbóòórùn ẹ̀, àfi kí ẹnìkan tó ní ẹ̀rọ wá sọ fún wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwa ti kó sínú ohun tí ojú alákàn ò ká.

Ọdún yẹn náà ni ti Chernobyl, ilé iṣẹ́ amúnáwá kan ní Ukraine, tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Òru ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 1986 ni ẹ̀rọ amúnáwá átọ́míìkì kẹrin níbẹ̀ bú gbàmù, ìjọba Soviet sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n ń kó àwọn ará ìlú Pripyat tó wà nítòsí jáde, síbẹ̀ wọn ò sọ fún ayé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Forsmark ní Sweden, tó fi ẹgbẹ̀rún kìlómítà ó lé jìnnà síbẹ̀, gba iwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ìtànṣán olóró, ẹ̀rọ náà han. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, bàtà ẹ̀ ló ń pariwo. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ilé iṣẹ́ tiwọn ló ń jò. Ìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kiri ni wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ àti òjò ló gbé e wá láti ìlú ẹlòmíì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Moscow tó la ẹnu. Bàtà ọkùnrin kan ló sọ ohun tí ìjọba odindi ò fẹ́ sọ. Mo máa ń ronú nípa ìṣísẹ̀ mélòó tó ti gbé ṣáájú ẹ̀rọ yẹn, lórí ilẹ̀ tútù, tí kò mọ ohun tó ń tẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ bá délẹ̀, Thomas Midgley ni mo máa ń rántí jù. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà ni. Lọ́dún 1921, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò General Motors rí i pé téèyàn bá po àdàlú òjé kan mọ́ epo pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì mọ́tò ò ní máa kan gbàgbà mọ́. Ní 1923 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ pé májèlé ni òjé. Midgley fúnra rẹ̀ ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lọ́dún yẹn nítorí òjé tó ti wọ̀ ọ́ lára. Ní oṣù kẹwàá 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú níbi tí wọ́n ti ń po àdàlú náà ní New Jersey, lẹ́yìn tí orí wọn ti dàrú. Àwọn oníròyìn pé jọ. Midgley dìde níwájú wọn, ó da nǹkan náà sọ́wọ́, ó fi fọ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ọṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì gbé ìgò ẹ̀ sí imú fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó ní kò séwu.

Ó tó nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún kí òjé náà tó kúrò nínú epo mọ́tò pátápátá. Algeria ni orílẹ̀-èdè tó jáwọ́ kẹ́yìn, ní 2021. Ẹ ka iye ọmọ tó mí afẹ́fẹ́ ẹ̀ láàárín ìgbà náà tí ẹ bá lè kà á. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bá jà jù.

Midgley yìí náà ló tún ṣe èkejì, èkejì yìí ló sì ṣòro fún mi láti dájọ́ lé lórí. Láyé ìgbà náà, gáàsì olóró ni wọ́n ń lò nínú fìríìjì ilé, tó bá jò lóru ó lè pa ìdílé kan sórí ibùsùn. Wọ́n ní kí Midgley wá gáàsì tí kì í jó, tí kì í pa èèyàn. Ó rí i. Ní 1930, níwájú àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ẹgbẹ́ ẹ̀, ó fa gáàsì tuntun náà símú, ó sì fi èémí ẹ̀ pa iná àbẹ́là. Ó dúró ṣánṣán, àbẹ́là kú. Àtẹ́wọ́ rọ̀jò. Gáàsì náà, tí wọ́n ń pè ní CFC, gba ẹ̀mí là lóòótọ́. Ó sì wá gòkè lọ, ó lọ ń jẹ ìbòrí òsóònù tó wà lójú sánmà, tó ń gba ìtànṣán òòrùn tó léwu dúró fún wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di 1974, nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Mario Molina àti Sherwood Rowland, ṣírò ẹ̀ lórí bébà. Midgley ti kú ní 1944.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni méjèèjì? Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ohun tó jáde níbẹ̀ ni ká wò. Èmi ò gbà. Ti òjé, ó mọ̀, ara ẹ̀ gan-an ti sọ fún un. Ti gáàsì fìríìjì, kò mọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè sọ fún un. Àìmọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ọmọ aráyé. Àìmọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé owó la fi ń rà á, tá à ń sanwó oṣù fún àwọn tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀. Ẹni tó wà nínú àkọ́kọ́, mi ò lè bá a wí. Ohun tí mo lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ fún ọ, kí lo ṣe? Láti 1974 ni àwọn tó ń ṣe CFC ti ń bá Molina àti Rowland ṣe àríyànjiyàn. Ní 1985 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìbòrí náà ti ya lókè Antarctica. Ní 1987, ní Montreal ní Kánádà, àwọn ìjọba buwọ́ lu ìwé pé àwọn yóò jáwọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì padà wọ inú ẹ̀. Ìbòrí náà ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹnìkan bá ní ayé ò lè jọ ṣe nǹkan gúnmọ́, Montreal ni mo máa ń fi dá a lóhùn, kó tó rántí ti ojú ọjọ́ tó ń yí padà kó wá pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ ibuwọ́lù ni mo fẹ́ padà sí, òun ló kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 1986, àwọn ẹnjiníà Morton Thiokol, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fún NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ lọ sí gbalasa òfúrufú, wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ọ̀gá NASA. Ọkọ̀ òfúrufú Challenger fẹ́ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù sì mú lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Àwọn òrùka rọ́bà kan wà lójú oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tí kì í jẹ́ kí iná jò gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tí òtútù bá mú rọ́bà, ó máa ń le. Àwọn ẹnjiníà ní kí wọ́n má gbéra. Inú NASA ò dùn. Thiokol ní kí wọ́n jẹ́ káwọn fi fóònù sílẹ̀ ná. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀gá kan sọ fún èkejì, tí í ṣe olórí àwọn ẹnjiníà, pé kó bọ́ fìlà ẹnjiníà, kó dé fìlà alákòóso. Ó bọ́ ọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́rin panu pọ̀, wọn ò bi àwọn ẹnjiníà mọ́, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ.

Allan McDonald ló dúró fún ilé iṣẹ́ náà níbi tí ọkọ̀ yóò ti gbéra ní Florida, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni láti buwọ́ lù ú. Ó ní òun ò ní buwọ́ lù ú. Wọ́n bá lọ gba ibuwọ́lù ọ̀gá ẹ̀ ní Utah, ìwé gba orí ẹ̀rọ fax wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlá lẹ́yìn tí Challenger gbéra, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà. Èèyàn méje ló wà nínú ẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé kan, Christa McAuliffe, wà lára wọn, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tó ká mi lára jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ṣáájú alẹ́ ọjọ́ náà. Láti 1981 ni wọ́n ti ń rí i pé iná ń jẹ àwọn òrùka yẹn lára. Ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ wọ́n lóminú. Ọkọ̀ padà wálé láyọ̀. Ìgbà mìíràn, ó tún jẹ ẹ́, ọkọ̀ tún padà. Díẹ̀díẹ̀, òrùka tó jóná di òrùka bó ṣe máa ń rí. Diane Vaughan, onímọ̀ àwùjọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ìwé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kò rí òǹrorò kankan níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn ló rí, tí àbùkù kan ti bá wọn gbé títí tó fi di ará ilé. Nígbà tí mo kà á, ojú agolo pupa yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń tún un tì.

McDonald, wọ́n kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lóyè nígbà tó sọ òótọ́ fún ìgbìmọ̀ olùwádìí. Àfìgbà tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dá sí i ni wọ́n dá a padà, tí wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó máa tún oríkèé náà ṣe.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lónìí ni pé a ti ń kó ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta 2018, ní Tempe ní ìpínlẹ̀ Arizona, mọ́tò Uber tó ń wa ara rẹ̀ gbá obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ sọdá títì, ó sì kú. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé ẹ̀rọ náà ti rí obìnrin yìí ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ó lé kó tó gbá a. Ó rí i, kò mọ ohun tó rí: mọ́tò ni, rárá, nǹkan mìíràn ni, kẹ̀kẹ́ ni. Wọn ò kọ́ ọ pé èèyàn lè sọdá níbi tí kì í ṣe ojú ìsọdá. Bíréèkì pàjáwìrì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fi sínú ẹ̀, wọ́n ti pa á. Èèyàn méjì ló máa ń jókòó sínú mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ, wọ́n ti dín in kù sí ẹyọ kan. Ẹni kan ṣoṣo yẹn sì ń wo fóònù.

Ta ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́? Ẹni tó ń wo fóònù. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kò sí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí òun rí kà sí ilé iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ náà gbà pé òun jẹ̀bi ní 2023. Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹ̀bi ṣe ṣàn: ó gba orí tábìlì àwọn tó kọ ìlànà ẹ̀rọ, ó gba orí tábìlì ẹni tó pa bíréèkì, ó gba orí ẹni tó dín olùṣọ́ kù, kò dúró lọ́dọ̀ ọ̀kankan nínú wọn, ó wá balẹ̀ sórí ọwọ́ tó sún mọ́ ibi jù. Ọwọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún pé kò nílò láti ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń lo èèyàn nìyẹn níbi tí ẹ̀rọ ti ń pinnu ẹni tó máa rí owó yá, tàbí ẹni tí dókítà máa kọ́kọ́ dá lóhùn: wọ́n á fi èèyàn kan sópin ẹ̀ láti tẹ bọ́tìnì, kí ìka kan lè wà tí wọ́n máa nawọ́ sí tó bá bàjẹ́. Èmi àti ẹ̀yin náà ń ṣe irú ẹ̀ lórí fóònù wa. Ìwé àdéhùn gígùn á yọ, a ó tẹ "Mo gbà" láìka ìlà kan. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, wọ́n á ní ṣebí o buwọ́ lù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹ̀rí pé ká padà sí ayé àtijọ́. Lọ́dún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, ti kúrò láyé, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sì lé e lọ, èèyàn ò sì mọ gbogbo ewu abẹ́rẹ́ yẹn tán kí wọ́n tó gún un. Ẹni tó ní òun ò ní gba ewu kankan láyè, ewu mìíràn ló ti yàn láìpariwo, tí ẹlòmíì máa bá a jẹ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìtàn Frances Kelsey. Dókítà ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lájọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ní 1960 nígbà tí wọ́n gbé ìwé oògùn kan fún un tí wọ́n ń pè ní thalidomide. Oògùn tó ń múni sùn ni, àwọn aláboyún sì ń lò ó kí èébì má baà dà wọ́n láàmú. Láti 1957 ni wọ́n ti ń tà á ní Jámánì. Iṣẹ́ tó rọrùn ni wọ́n rò pé àwọn fún un. Òfin fún un ní ọgọ́ta ọjọ́, tí kò bá sọ nǹkan kan, oògùn á jáde. Kelsey wo ìwé náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dá a padà pé kí wọ́n lọ mú ẹ̀rí kún un. Wọ́n mú un wá, ó tún dá a padà. Aṣojú ilé iṣẹ́ oògùn ń pè é, wọ́n ń wá a wá, wọ́n ń fẹjọ́ ẹ̀ sun ọ̀gá ẹ̀ pé ó ti le jù. Kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ìbéèrè òun ò tíì rí ìdáhùn ni. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá 1961, wọ́n kó oògùn náà kúrò lọ́jà ní Jámánì. Kárí ayé, àwọn ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ, tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, ni wọ́n bí pẹ̀lú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí kò dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì pẹ́ láyé.

Kò parí síbẹ̀. Ní 1998, àjọ Kelsey yìí náà fọwọ́ sí thalidomide fún àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń bá fínra, lábẹ́ òfin tó le koko kí aláboyún má baà kàn án. Oògùn náà ò yí padà. Àwọn tó ń béèrè nǹkan nípa ẹ̀ ló ti pọ̀ sí i.

Ààrẹ Kennedy fún Kelsey ní àmì ẹ̀yẹ ní 1962. Èyí tí mo máa ń rò ni àwọn ọdún méjì tí kò tíì sí àmì ẹ̀yẹ, tó jẹ́ obìnrin kan tí ń dá fáìlì padà ni, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó ń dá iṣẹ́ dúró. Ọmọ tí apá rẹ̀ pé méjì ò lè mọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí iná tí kò jó.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Mi ò ní sọ pé ìtàn kankan ló jí mi. Agolo ló jí mi. Ní ìparí oṣù kan, báírò mi bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn, mo bẹ̀rẹ̀ láti he é, ojú mi sì ṣe kòńgẹ́ gọ́ọ̀jì kékeré tó wà lọ́rùn agolo. Ọwọ́ inú ẹ̀ ti wà lójú pupa. Agolo náà ò ní agbára kankan nínú mọ́. Mo gbé e, ó ti fi ìpẹtà róbótó sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ilẹ̀kùn sì rọra pa dé lẹ́yìn mi pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo kọ "Rárá" síwájú ìlà méjì nínú mẹ́rìnlá.

Kò tó wákàtí kan, ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Fọ́ọ̀mù wà níwájú wọn.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Látìgbà wo ni ilẹ̀kùn ti wà bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti ju oṣù mẹ́jọ lọ, mà."

Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n fa fáìlì kan yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn fọ́ọ̀mù àtẹ̀yìnwá sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to káàdì. Mẹ́jọ. Ó wà, ó wà, ó wà bó ṣe yẹ. Báírò aláwọ̀ búlúù kan náà nísàlẹ̀ gbogbo wọn.

"Ọwọ́ ta wá nìyí?"

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni, mà."

Wọ́n wò mí fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa tẹlifóònù mọ́ra, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn agolo náà fún àwọn, kí wọ́n lè pe àwọn tó ń rọ ọ́.